Èmi Ni Mo Ní Kó Di Ọjọ́ Ajé

Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹbí mi ohun tó ṣe ọmọkùnrin wa, ìdáhùn kan náà ló máa gbọ́: kánfọ̀ ni. Wọ́n á ní màmá ìyàwó mi ló kó kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, tí wọ́n sì fi ba tiẹ̀ jẹ́. Wọn kò purọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Èmi tí mo mọ àbọ̀ kejì ni mo ń jókòó tì wọ́n láti ọdún 2018, tí mo ń gbọ́, tí n kò wí nǹkan kan.

Agége là ń gbé nígbà náà, yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ọjà, èmi, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní ìhà Ọba Akran ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọ àdúgbò yẹn á mọ̀ pé tó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, ojú títì á kún. Àwọn tó ń ti Agége, Ìfàkò àti Dópẹ̀mú bọ̀ fún iṣẹ́ alẹ́ ń wọlé, àwọn oníṣẹ́ ọ̀sán ń jáde, gbogbo wa á sì pàdé nídìí ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn lẹ́nu géètì. Láti ìdí Guinness ní Ògbà títí dé Cadbury ní Agídíngbí, bákan náà ni. Káńtráàtì ni mí. Ọjọ́ tí káńtráàtì kò bá wọlé, kò lówó ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá wọlé ní Sátidé àti Sọ́ńdè, òfátáìmù ni, ìlọ́po méjì sì ni owó rẹ̀ níbi tiwa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyàwó mi bí. Ọkùnrin ni, ó ké dáadáa, ó mu ọmú dáadáa. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní ká máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì tó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà sọ ohun kan, ó sì tún un sọ: tí ojú ọmọ yìí bá pọ́n, ẹ má fi sùn, ẹ gbé e wá. Mo ní a ti gbọ́. Ọkàn mi wà lára àgbò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni ìkómọ, mo sì ti ra àgbò kan ní Oko-Ọba, mo so ó mọ́ ìdí táǹkì omi lẹ́yìnkùlé, onílé ti ń kùn pé ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kóun sùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun jímọ́ọ̀, ìyàwó mi gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá wa, pupa ló sì ń ràn, kò sẹ́ni tó lè fi mọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó la ìpéǹpéjú ọmọ náà, ó ní, "Ẹ wò ó." Mo wò ó. Funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú. Ó tún fi àtàǹpàkò tẹ orí imú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò, ibi tó tẹ̀ náà yẹ́lò kó tó di pé àwọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ní ká má fi sùn."

Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀, oòrùn àárọ̀ la fi wò ó, ó sì lọ. Mo ní kó máa gbé òun náà sóòrùn, tí kò bá wá lọ, kó di ọjọ́ Ajé. Ó ní, "Ọjọ́ Ajé jìnnà." Mo bi í pé dókítà wo ló fẹ́ rí lópin ọ̀sẹ̀, owó wo la sì fẹ́ gbé dání lọ. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló jọ létí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí n kò sọ ni pé mo ti forúkọ sílẹ̀ fún òfátáìmù Sátidé àti Sọ́ńdè, pé tí mo bá yọ orúkọ mi, ẹlòmíì á gbà á, súpáfáísọ̀ kò sì ní pè mí mọ́ tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó ìkómọ ni mo ń wá.

Kí n sọ ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun máa ń tú ju ti àgbà lọ. Tí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ti tú, ohun yẹ́lò kan tí wọ́n ń pè ní bilirubin á jáde láti inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń sọ ọ́ di ohun tí ara lè yà dànù. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kò tíì ka iṣẹ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń pọ́n díẹ̀ tó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Ti ọmọbìnrin wa ì bá lọ bá a gbé e sóòrùn bá ò gbé e. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣaláìní èròjà kan tó ń dáàbò bò ó, tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìní yìí, ìyá náà lè má mọ̀ títí ayé, ó sì wọ́pọ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn kánfọ̀ símú, tàbí tó wọ aṣọ tó ti gbà á mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú wàràwàrà. Bí bilirubin bá sì ti pọ̀ kọjá ààlà, kò ní mọ lójú àti awọ ara mọ́, inú ọpọlọ ló ń wọ̀. Ibi tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, kò sí oògùn tó ń tún un ṣe.

Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la fi wọ̀ ọ́. Màmá ìyàwó mi ló ti fọ̀ wọ́n, tí wọ́n kó wọn sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ju kánfọ̀ sí i kí aáyán má bàa jẹ wọ́n. Nílé tiwa, òórùn yẹn la fi ń mọ̀ pé ọmọ tuntun dé. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ní Sátidé, Màmá gbé e jókòó sóòrùn níwájú ilé, nínú aṣọ yẹn, tòun ti fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Ojú nìkan ni oòrùn rí kàn. Mo kí wọn, mo kọjá síbi iṣẹ́. Nígbà tó di Sọ́ńdè, ó ń sùn ṣáá. Màmá ní ọmọ rere ni, kò fẹ́ yọ èèyàn lẹ́nu. Ìyàwó mi ní ọmú kún òun láyà, ọmọ kò fà á mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, nítorí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà yẹn, mo ń so okùn bàtà iṣẹ́ mi.

Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọ ìdí ẹ̀rọ, lọ́kà là ń fi sí. Nígbà tí mo ṣí lọ́kà ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ìpè ìyàwó mi kún ojú fóònù. Mo sáré délé, mo bá ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun, tí orí fà sẹ́yìn, igbe tó ń ké tín-ín-rín, ó sì ga, kì í ṣe igbe ebi. Nígbà náà wọ́n ń kọ́ afárá Pen Sinimá, èyí tí wọn kò ṣí títí di 2021, gbogbo ọ̀nà ibẹ̀ sì há. Kọ̀rọ̀pẹ́ tá a wọ̀ dúró gbagidi. A bọ́ sílẹ̀, a gun ọkadà, èmi lẹ́yìn ọlọ́kadà, ìyàwó mi lẹ́yìn mi, ọmọ láàárín àwa méjèèjì. Màmá gun òmíràn tẹ̀lé wa.

Nílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan, ọ̀dọ́, ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ wa. Ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó gún un ní gìgísẹ̀, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. "Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé ojú ẹ̀ pọ́n?" Èmi ló kọjú sí. Mo ní, "Àná, dókítà. Alẹ́ àná." Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá bi wá pé ṣé a fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Màmá ní, "Èmi ni mo fi sí i."

Ẹni tó sòótọ́ ni gbogbo èèyàn dojú kọ. Nọ́ọ̀sì kan pariwo mọ́ wọn pé ẹ̀yin màmá àgbà yìí náà ni. Èmi tí mo purọ́, wọ́n gbé àga fún mi.

Irọ́ mi kò yí ìtọ́jú padà, torí ẹ̀jẹ̀ ti rojọ́ tirẹ̀: 31 ni wọ́n kọ fún bilirubin rẹ̀. Ọmọ tó gbó bíi tiwa, tó bá ti ń sún mọ́ 20 ni wọ́n ti ń ronú àtipààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ojú gíláàsì ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ṣe é, kí wọ́n tó lé mi. Ìdodo ni wọ́n gbà. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, dókítà á fi síríǹjì fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde, á dà á nù, á fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì, á rọra tì í wọlé. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì í, ó ń kọ iye tó jáde àti iye tó wọlé. Díẹ̀díẹ̀ báyẹn, títí èyí tó wọlé fi tó ìlọ́po méjì gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ. Fún ọmọ kílò mẹ́ta, ó tó nǹkan bí ìdajì lítà. Bánkì ẹ̀jẹ̀ fún wa ní èyí tó bá tiẹ̀ mu, wọ́n ní ká mú ẹni tó máa fi tirẹ̀ dí i wá. Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ mi tó ń ṣe ṣífìtì ọ̀sán ló wá. Wọ́n yọ owó ọjọ́ náà lára rẹ̀. Kò bi mí léèrè owó náà rí, èmi náà kò sì fi lọ̀ ọ́. Ìyẹn náà wà lára ohun tí mò ń jẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Ìkómọ tí mo torí rẹ̀ lọ ṣòfátáìmù kò wáyé. Àlùfáà wa gbàdúrà lórí fóònù, ó ní ká má dúró de ọmọ, ká sọ orúkọ náà. A sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà níbẹ̀ ṣe àmín. Lórí páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, "Baby" àti orúkọ bàbá mi ni wọ́n kọ, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí a fi kúrò níbẹ̀. Mo ta àgbò náà ní ọ̀pọ̀. Owó rẹ̀ ló bá wa ra síríǹjì, káńnúlà, ìbọ̀wọ́, tó tún san owó láàbù.

Ẹni tí kò bá dé wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun rí lè rò pé ibi ìpalọ́lọ́ ni. Ariwo ló kún ibẹ̀, ẹ̀rọ ń dún, ọmọ ń ké, nọ́ọ̀sì ń pe ìyá tí ọmú kàn. Wọ́n di báńdéèjì mọ́ ojú ọmọ wa, wọ́n tẹ́ ẹ síhòòhò sábẹ́ iná búlúù. Iná yẹn ló ń yí bilirubin tó wà lábẹ́ awọ padà, tí ara á fi lè tọ̀ ọ́ dànù kó sì yà á dànù láìdúró de ẹ̀dọ̀. Ìyàwó mi ń fún ọmú sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi rọ́bà imú rọ ọ́ fún un. Àwọn ìyá ń sùn lórí ẹní lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí iná Nẹ́pà bá ṣẹ́jú, gbogbo wọn á dìde jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa tẹ́tí sí jẹnẹrétọ̀. Àwa bàbá, ẹnu géètì là ń wà. Bọ́ọ̀lù là ń sọ, a ń sọ ti ọ̀wọ́n epo, kò sì sí bàbá kan níbẹ̀ tó sọ fún èkejì ohun tó gbé e dé.

Màmá kò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á gbé oúnjẹ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n á dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan fi máa wá gbà á. Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá mi tó ti Abẹ́òkúta wá bá wọn. Wọ́n pè wọ́n ní apọmọ níṣojú àwọn tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Àpò àbúrò bàbá mi wà lọ́wọ́ mi.

Mo ti wá àwáwí kiri o. Oòrùn ni mo kọ́kọ́ dì mú. Mo gbọ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtọ́jú oníná yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex. Ní ọdún 1956, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń jẹ́ Jean Ward, tó máa ń gbé àwọn ọmọ ìkókó jáde sóòrùn, gbé ọmọ kan padà wọlé fún àwọn dókítà wò. Ara rẹ̀ ti ń mọ́, àfi ibi tí aṣọ ti bò ó, tó ṣì yẹ́lò. Ní 1958 ni Richard Cremer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet. Mo tún gbọ́ ti Èkó níbí: Tina Slusher láti Amẹ́ríkà, Bólájókò Olúsànyà tó jẹ́ dókítà ọmọdé tiwa, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, dán oòrùn wò pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ojú wọn pọ́n, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015 pé kò kéré sí ti iná. Inú mi dùn. Mo ní ṣé ẹ rí i, oòrùn ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà tí mo tọ̀ kò burú.

Mo ka ìyókù. Abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ náà sí, ọ̀rá kan tó ń sẹ́ ooru àti ìtànṣán tó ń pa ara lára ló bò ó. Ìhòòhò ni wọ́n wà, nápì nìkan ló wà nídìí wọn. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n ń lò níbẹ̀ lóòjọ́, nọ́ọ̀sì ń wọn ooru ara wọn, kò sì sí èyí tí wọn kò kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tèmi wọ fìlà.

Obìnrin kan tún wà ní Bayelsa, Virtue Oboro. Irú àìsàn yìí ṣe ọmọ tirẹ̀ náà ní 2015, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà padà lọ ṣe bẹ́ẹ̀dì kan tó ṣeé ká, tó ń tan iná búlúù, tó sì ń lo agbára oòrùn, fún àwọn ilé ìwòsàn tí kò ní iná. Crib A'Glow ló pè é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, inú bí mi sí i, n kò sì mọ ohun tó ṣe mí. Ẹni tí n kò mọ̀ rí ń sọ ti ọmọ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Èmi kò lè sọ tèmi fún àbúrò bàbá mi.

Ọmọ wa yè. Ọrùn rẹ̀ pẹ́ kó tó mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ kó tó gbé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó rìn. Ohùn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Etí fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan tó ṣe é, ọ̀nà tó ń gbé ohùn láti etí lọ sínú ọpọlọ ló bàjẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yege nínú àyẹ̀wò etí àkọ́kọ́, tó sì kùnà nígbà tí wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí. Ó ń lọ sí iléèwé àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn. Ó lè fi ọwọ́ ṣàwàdà títí ìyá rẹ̀ á fi rẹ́rìn-ín sunkún. Orúkọ tó sọ mí ní èdè ọwọ́ rẹ̀ ni kó fi ìka lu èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí okùn àpò iṣẹ́ máa ń wà lára mi.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, dókítà etí tuntun kan ń yẹ fáìlì rẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ó wà níbí pé alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e wá lẹ rí i." Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀, ó ti mọ́ ọn lára láti má sọ̀rọ̀ tó bá ti débẹ̀. Mo ní, "Rárá, dókítà. Ọjọ́ Ẹtì la rí i. Ó ní ká gbé e lọ, èmi ni mo ní kó di ọjọ́ Ajé." Dókítà fa ìlà sórí ti tẹ́lẹ̀, ó kọ ti tuntun, ó fọwọ́ sí i, ó béèrè ohun mìíràn. Inú rélùwéè Red Line la wà, tá a ti kọjá Ìkejà, kí ìyàwó mi tó ya ẹnu. Ó ní, "Ẹ lọ sọ fún Màmá."

Abúlé Ẹ̀gbá ni Màmá ń gbé báyìí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Wọ́n ń ṣa ewédú, wọn kò dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Kánfọ̀ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe kánfọ̀ mọ́ ni?"

Mo ní, "Kánfọ̀ wà níbẹ̀, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èmi àti Ọlọ́run mi ti sọ ìyẹn." Wọ́n gbọn ewé kúrò lọ́wọ́. "Àmọ́ wọ́n pè mí ní apọmọ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, o sì wà níbẹ̀. Mú fóònù ẹ."

Mo ní ilẹ̀ ti ṣú, Bàbá Abẹ́òkúta lè ti sùn. Wọ́n ní kí n pè wọ́n, kí n sì jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta káwọn náà lè máa gbọ́. Àbúrò bàbá mi gbé e. Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ mà lèyí, kí ni mò ń hú u jáde fún. Màmá nawọ́, wọ́n gba fóònù náà. "Ẹ káalẹ́, Bàbá. Kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ tèmi." Bàbá tọrọ àforíjì, wọ́n sáré tọrọ ẹ̀ bí ẹni tí fóònù ń jó lọ́wọ́, wọ́n sì pa á.

Màmá dá fóònù padà fún mi, wọ́n tún fa àwo ewédú wọn mọ́ra. Wọ́n ní ó ku ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti ìyá onípúrófíṣọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Agége. Mo ní káàdì mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n ní kí n lo ti àwọn.